Ta Ló Ń Tọ́jú Ìwé Tí Ìka Wa Wà Nínú Rẹ̀?

Ọjọ́ Sátidé, 18 oṣù kẹfà ọdún 2022 ni Èkìtì dìbò yan gómìnà. Ẹ̀rọ BVAS ni wọ́n fi dá olùdìbò mọ̀ ní gbogbo ibùdó ìdìbò 2,445 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Ìkẹ̀rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré, Ìlawẹ̀, kò sí èyí tó yàtọ̀: agùnbánirọ̀ jókòó sídìí tábìlì, àwọn àgbàlagbà tò síwájú rẹ̀. Ó gba káàdì, ó wá orúkọ lójú ẹ̀rọ, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àtàǹpàkò yín lé e.” Ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. “Ẹ fi aṣọ nù ún, mà.” Ó tún kọ̀ ọ́. Ọmọ náà á gbé ẹ̀rọ sókè kọjú sí wọn, á ní kí wọ́n wo iwájú dáadáa, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ á wo ojú, á gbà, ìyá á sì gba ìwé ìdìbò lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ka.

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ìka àti ọ̀rọ̀ ojú ni gbogbo èèyàn ń sọ. Ó ṣọ̀wọ́n kí n gbọ́ ẹni tó ń béèrè ohun tí ẹ̀rọ fi ìka wé kó tó gbà tàbí kó tó kọ̀. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ìka ò lórúkọ. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ilà wẹ́wẹ́, ìyípo àti oríta ni ẹ̀rọ rí. Kò rí Fọláṣadé, kò rí ọmọ Odò-Ọjà. Kó tó lè dárúkọ ẹnikẹ́ni, ìwé orúkọ kan gbọ́dọ̀ ti wà níbì kan, tí wọ́n ti kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀ pé ilà báyìí, oríta báyìí, ti lágbájá ni. Ẹni tí ìwé yẹn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni àṣẹ.

Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ará Ìkẹ̀rẹ́ àti ará Ìsẹ̀ láti lóye. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tó ṣiṣẹ́ láàfin Arìnjàlè ní Ìsẹ̀, tó sì kú ní 1938, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ̀rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn Wembley ní London ní 1924, tó wà ní British Museum títí dòní. Bí ère aláìlórúkọ kan bá jáde lónìí láti inú àká ẹnì kan, àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà lè sọ bóyá ọwọ́ Ọlọ́wẹ̀ ni: wọ́n á wo bí àwọn ère ṣe yọ síta gbùù lára pákó, bí orí wọn ṣe yíjú, bí ọrùn wọn ṣe gùn. Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ mìíràn wà tó dájú pé òun ló ṣe é, òun ni wọ́n sì fi ń wé e. Ká ní gbogbo iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ́ ọn ló ti jóná ni, ọwọ́ rẹ̀ ì bá ṣì hàn lára igi, ṣùgbọ́n ta ni ì bá dárúkọ rẹ̀?

Bí ìtẹ̀ka gan-an ṣe bẹ̀rẹ̀ fi èyí hàn. Láti 1858 ni William Herschel, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Bengal, ti ń ní kí àwọn èèyàn tẹ ọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Ní 1892, Francis Galton tẹ ìwé jáde lórí bí ìka ẹnì kan kì í bá ti ẹlòmíràn dọ́gba. Síbẹ̀, ọlọ́pàá ò rí i lò bó ṣe yẹ. Bí ìwé ìtẹ̀ka bá ti kún inú kọ́bọ́ọ̀dù, ta ni yóò máa tú u lọ́kọ̀ọ̀kan? Calcutta ni ìdáhùn ti wá. Azizul Haque àti Hem Chandra Bose, ọmọ India méjì tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Edward Henry, wá ọ̀nà tí wọ́n fi ń ka ìyípo ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá di nọ́ńbà, tí nọ́ńbà náà á sì sọ èyí tí ìwé ẹni náà wà nínú àwọn àpótí 1,024. Ọ́fíìsì ìtẹ̀ka ṣí níbẹ̀ ní 1897, London sì gbà á ní 1901. Orúkọ ọ̀gá wọn, Henry, ni wọ́n fi pe ètò náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láyé amúnisìn. Ìka ti wà láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá èèyàn. Ọ̀nà àtitètè rí ìwé ẹni láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ni kò tíì sí.

Ìṣòro yẹn náà ni kọ̀ǹpútà bá pàdé. Ní 1988, àwọn àjọ tó ń ṣètò ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé gbé X.500 jáde, ìlànà bí iléeṣẹ́ ṣe lè to orúkọ èèyàn àti ti ẹ̀rọ rẹ̀ sínú ìwé kan tí gbogbo ẹ̀ka á lè bi léèrè. Ó wúwo jù. Ní 1993, Tim Howes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan gé e kúrú, wọ́n pè é ní LDAP. Microsoft náà gbé Active Directory tirẹ̀ wọ inú Windows 2000. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè ní directory. Òṣìṣẹ́ báńkì tó dé sídìí kọ̀ǹpútà láàárọ̀, tó tẹ orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù, ìwé yìí ni ẹ̀rọ lọ bi: ṣé ẹni yìí wà? Ẹ̀ka wo ló wà? Kí ló lè ṣí, kí ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn? Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá a dúró, ibì kan ṣoṣo ni wọ́n á ti ti orúkọ rẹ̀ pa, gbogbo ilẹ̀kùn á sì tì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ìka wá dípò páásíwọ́ọ̀dù, oríṣi ìbéèrè méjì ni wọ́n lè bi ìwé náà, ìyàtọ̀ wọn sì ju bó ṣe hàn lójú lọ. Ọ̀kan ni, “Ṣé ìwọ lo ni nọ́ńbà yìí?” O ti mú nọ́ńbà tàbí káàdì rẹ wá, wọ́n á ṣí ojú ìwé kan péré, wọ́n á fi ìka rẹ wé èyí tó wà níbẹ̀, ó parí. Èkejì ni, “Ta ni ọ́?” O ò mú nǹkan kan wá, wọ́n ní láti fi ìka rẹ wé gbogbo ìka tó wà nínú ìwé. Ti àkọ́kọ́ yá, àṣìṣe rẹ̀ kò pọ̀. Ti èkejì ń fẹ́ ẹ̀rọ alágbára, bí ìwé sì ṣe ń nípọn sí i ni ewu ń pọ̀ sí i pé ìka ẹlòmíràn á jọ tìẹ lójú ẹ̀rọ. Ti àkọ́kọ́ ni BVAS ń ṣe nídìí tábìlì: káàdì ló mú ojú ìwé jáde. Ṣùgbọ́n INEC, àjọ elétò ìdìbò, ń ṣe ti èkejì náà, níbi tí a kò rí, nígbà tí wọ́n bá ń wá ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nínú ìforúkọsílẹ̀ tó parí ní 2022, èèyàn 12,298,944 ni wọ́n kọ sílẹ̀; nígbà tí ẹ̀rọ fi wọ́n wé ara wọn tán, 2,780,756 ni wọ́n yọ dànù. Ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Ẹni tó bá ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀rọ, kó kọ́kọ́ ro iye yẹn wò ná.

Ní tèmi, ohun tó dára jù lára BVAS ni pé ìwé kékeré ló gbé wá sí abúlé. Kí ọjọ́ ìbò tó pé ni wọ́n ti kó orúkọ, àwòrán àti ìka àwọn olùdìbò ibùdó kan sínú ẹ̀rọ ibùdó náà. Nígbà tí ìyá bá gbé àtàǹpàkò lé e, ẹ̀rọ kì í pe Àbújá, kò bẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan. Ẹni tó bá ti gbé fóònù sókè rí lọ́nà oko Èmùré, tó ń yí ká láti wá ibi tí sígínà wà, mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ̀rọ náà kò kúkú bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ní Anambra, 6 oṣù kọkànlá ọdún 2021, ó dààmú àwọn èèyàn débi tí INEC fi fi àkókò kún ìdìbò. Oṣù méje lẹ́yìn náà ló dé ọ̀dọ̀ wa, ara rẹ̀ sì ti balẹ̀ sí i.

Ìwé kékeré ní ìyọnu tirẹ̀ ṣá. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ní láti tún un dì. Lẹ́yìn ìbò ààrẹ 25 oṣù kejì ọdún 2023, INEC ní láti kó ohun tó wà nínú ẹ̀rọ tó lé ní 176,000 pamọ́ sínú sáfà, kí wọ́n sì tún àwọn ẹ̀rọ náà tò fún ìbò gómìnà. Àkókò ò tó. Wọ́n sún ìbò láti 11 sí 18 oṣù kẹta. Ìbò ààrẹ yẹn kan náà ló jẹ́ kí a rí ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà kedere: ẹ̀rọ tó dá olùdìbò mọ̀ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nígbà tó kan fífi èsì ìbò ààrẹ ránṣẹ́ sí IReV, ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí INEC ń gbé èsì ìbò sí, tí sáfà wọ ọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ó ti há.

Báńkì ò gbé ìwé wá sí abúlé rárá. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì, tí báńkì àpapọ̀ CBN àti àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ ní 14 oṣù kejì ọdún 2014, ìwé kan ṣoṣo ni fún gbogbo Nàìjíríà, NIBSS, iléeṣẹ́ tó so àwọn báńkì pọ̀, ló ń tọ́jú rẹ̀: fígọ̀ 11, ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ojú. NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ará ìlú tí àjọ NIMC ń kọ lábẹ́ òfin ọdún 2007, náà rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020 ìjọba pàṣẹ pé kí a so NIN mọ́ síìmù. Ní 4 oṣù kẹrin ọdún 2022 wọ́n dí ọ̀nà ìpè mọ́ ẹni tí kò so ó, ọ̀pọ̀ ìyá ní Ọjà Ọba Ìkẹ̀rẹ́ ló sì wá mọ ohun tó ń jẹ́ NIN lọ́jọ́ tí wọn ò rí oníbàárà wọn pè mọ́. JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì, náà ti sọ ọ́ di dandan láti 2021. Mi ò bá àwọn tó ní kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ nù ṣe. Kí BVN tó dé, ẹnì kan lè ní àkáǹtì mẹ́fà pẹ̀lú orúkọ mẹ́fà, òkú sì lè máa gba owó oṣù. Ìwé kan tó ní ìka kan fún ẹnì kan ló dá ọ̀pọ̀ nínú ìyẹn dúró.

Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ṣe tóbi tó ni olè ṣe ń fẹ́ ẹ tó. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative kéde pé wọ́n ń ta NIN àti BVN àwọn ọmọ Nàìjíríà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ₦100 ẹyọ kan. NIMC ní kò sẹ́ni tó já wọ inú ìwé òun. Ká tiẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ò tù mí nínú, torí kò pọn dandan kí olè já ilẹ̀kùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti ní àṣẹ láti wọlé. Báńkì, iléeṣẹ́ fóònù, àwọn tó ń yánilówó lórí fóònù, gbogbo wọn ló ń bi ìwé náà léèrè lójoojúmọ́, tí ìwé bá sì ń dáhùn ju ohun tí wọ́n bi í lọ, ohun tó bá ṣẹ́ kù sọ́wọ́ wọn di ọjà. Ẹni tó ń yá mi ní ₦20,000 fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni mo ni nọ́ńbà tí mo kọ. “Bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” tó o. Kí ló fẹ́ fi àwòrán mi àti àdírẹ́sì ilé mi ṣe? Aadhaar, ìwé tí India bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní nọ́ńbà nínú rẹ̀ ní 2010, tí ó ti ju bílíọ̀nù kan èèyàn lọ báyìí, ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀: o mú nọ́ńbà àti ìka wá, ó ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. NIMC náà ti gbé ètò kan jáde ní oṣù kìíní ọdún 2022 tí èèyàn lè fi gba tókìn onígbà díẹ̀, kó má baà máa fún gbogbo ẹni tó bá béèrè ní NIN rẹ̀ gan-an. Ó dára. Ẹ bi ara yín léèrè ìgbà tí ẹ lò ó gbẹ̀yìn.

Ìdí tí ìka fi gba ìṣọ́ ju páásíwọ́ọ̀dù lọ kò ṣòro. Ní 2015, àwọn olè kó ìtẹ̀ka mílíọ̀nù 5.6 lọ láti inú ìwé àjọ tó ń rí sí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n bá jí, wàá yí i padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìka mẹ́wàá ni Ẹlẹ́dàá fún ọ. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ máa ń sọ pé àwọn kì í tọ́jú àwòrán ìka, nọ́ńbà tí wọ́n yọ jáde lára rẹ̀ nìkan ni, ibi tí ilà ti pín àti ibi tó ti parí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé a lè ti inú àwọn nọ́ńbà náà tún ìka kan yà tí yóò tan ẹ̀rọ jẹ.

Ọ̀nà mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ wa ti ń gbà láìmọ̀. Bí o bá fi àtàǹpàkò ṣí áàpù báńkì lórí fóònù rẹ, báńkì ò rí àtàǹpàkò náà. Inú fóònù ni ìka wà, kì í jáde. Nígbà tí fóònù bá ti gbà pé ìwọ ni, ó fi àṣírí kan tí òun nìkan ní fọwọ́ sí ìwé, ó ránṣẹ́. Ohun tó wà nínú ìwé orúkọ báńkì ni ohun tí wọ́n fi ń yẹ ìfọwọ́sí yẹn wò, tí kò wúlò fún olè. Bí Windows Hello tó bá Windows 10 dé ní 2015 ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì nìyẹn: ìka tàbí ojú òṣìṣẹ́ kì í kúrò nínú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ̀, directory kò sì tọ́jú ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe ìka. Bí fóònù bá sọnù, wọ́n á pa ìfọwọ́sí rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé, wọ́n á forúkọ òmíràn sílẹ̀. Ìka wà lọ́wọ́ onítọ̀hún bó ṣe wà.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í dùn nígbà tí mo bá rí ẹ̀rọ ìtẹ̀ka kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ilé-ìwé tàbí ti ọ́fíìsì láti fi mọ ẹni tó pẹ́ dé. Ta ló ń tọ́jú ohun tó wà nínú rẹ̀? Bí yunifásítì tó wà ní Ìkẹ̀rẹ́, BOUESTI, bá fẹ́ fi ìka tàbí ojú dá akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánwò (orúkọ Bámidélé Olúmílùà, ọmọ Ìkẹ̀rẹ́ tó ṣe gómìnà Ondo àtijọ́ ní 1992 sí 1993, ni wọ́n fi sọ ilé-ìwé náà), ohun tí màá sọ fún wọn ni pé kí wọ́n ṣe bí BVAS. Kí orúkọ, nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wà nínú directory; kí ìka wà ní ibòmíràn tí wọ́n tì pa, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Láàárọ̀ ìdánwò, kí wọ́n kó ti àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò náà nìkan sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n sì pa á rẹ́ nírọ̀lẹ́. Kí orúkọ gbogbo ẹni tó bi ìwé náà léèrè sì wà ní àkọsílẹ̀, títí kan ọ̀gá àgbà. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ti ka ìka àti ojú mọ́ ohun ẹlẹgẹ́ tí a kì í dédé gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Kí wọ́n sì rántí ọwọ́ àwọn èèyàn wa. Gúúsù Èkìtì kì í ṣe ìlú àwọn tó ń fi ojoojúmọ́ tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ti ń ro oko kòkó láti ìgbà èwe ní ìgbèríko Ìsẹ̀, ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ tó sì ń yan gàrí ní Èmùré, ẹni tó ń fọwọ́ kan èso kajú tí oje èèpo rẹ̀ máa ń jó awọ ara, ilà ìka wọn ti fá. Ọjọ́ orí náà ń gbẹ awọ. Ní ìpínlẹ̀ Jharkhand ní India, nígbà tí wọ́n so oúnjẹ ìrànwọ́ mọ́ ìtẹ̀ka, àwọn òtòṣì tí iṣẹ́ ti fá ìka wọn ni ẹ̀rọ ń lé padà sílé lọ́wọ́ òfo. BVAS mọ èyí, ìdí nìyẹn tó fi ń wo ojú bí ìka bá kọ̀. Ṣùgbọ́n òfin INEC ni pé bí méjèèjì bá kọ̀, olúwarẹ̀ ò ní dìbò. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀, torí ọ̀nà tí a bá ṣí díẹ̀ ni àwọn olóṣèlú máa gbà wọlé. Síbẹ̀, ní ti báńkì, ilé ìwòsàn àti owó ìfẹ̀yìntì, ìkọ̀ ẹ̀rọ kò tó ìdí láti sọ fún baba ẹni àádọ́rin ọdún pé kì í ṣe òun.

Ojú náà ń yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2011 ni INEC ya àwòrán ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà ti kọjá àádọ́rin báyìí, eyín ti kán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti rọ̀, ojú tó wà nínú ìwé sì wà bí wọ́n ṣe yà á.

Ẹlòmíràn ti kú. Ìwé INEC fún ìbò 2022 ní orúkọ 989,224 fún Èkìtì. Àwọn tó jáde wá dìbò kò tó ìdajì. Ọ̀pọ̀ rìnrìn àjò, ọ̀pọ̀ ló kàn jókòó sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba ọ̀nà Ìkẹ̀rẹ́ sí Adó, tó ń wo pósítà ìsìnkú lára ògiri, yóò mọ̀ pé àwọn kan nínú wọn ò lè wá mọ́. Ìka olóògbé ò lè ṣí ẹ̀rọ, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé síbẹ̀, torí a máa ń pa màlúù, a máa ń rán aṣọ ẹbí, a máa ń pe onílù láti Adó, ṣùgbọ́n a kì í lọ sọ fún ìjọba pé ẹni náà ti lọ. Ọ́fíìsì àjọ tó ń ka iye èèyàn, NPC, wà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, iṣẹ́ wọn sì ni láti kọ ikú sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ìbí. Ìwé ẹ̀rí ikú ni báńkì máa ń béèrè nígbà tí àwọn ọmọ bá fẹ́ gba owó bàbá wọn, ìgbà yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń rántí ọ̀nà ibẹ̀.